Eyín Ọmọ Akẹ́kọ̀ọ́ àti Ipò Ilé Tí Ó Ti Wá

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ìpàdé Gbogboogbò ti Ọdọọdún, tí a sì tẹ̀ síhìn-ín nítorí àwọn ọmọ ìlú tí ó wà ní ìdálẹ̀)

 

Nígbà tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ kọ̀wé sí wa pé kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ìlera àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé ibà ni a ó sọ̀rọ̀ lé lórí, tàbí aràn, tàbí omi mímu. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ojú àwa olùkọ́ ń rí, tí ẹnu wa kì í sì í sọ. Ohun náà ni eyín iwájú tí ó kán, tàbí tí ó yọ dànù lẹ́nu ọmọ nípa ìṣubú, nípa eré, nípa ìjà, tàbí nípa ìjàǹbá ọ̀nà. A kò sọ ti eyín tí kòkòrò jẹ. Èyí ní ọjọ́ tirẹ̀. Eyín tí ara rẹ̀ le koko, tí ìjàǹbá sì mú lọ ní ìṣẹ́jú kan, ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. A ó sì béèrè pé: ipa wo ni ipò ilé tí ọmọ ti wá ń kó nínú ọ̀ràn náà?

Ẹlòmíràn lè wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, “Ọ̀nà ìlú wa kò dára, omi kò tó, ẹ sì ń sọ ti eyín fún wa!” A bẹ̀ yín, ẹ fi sùúrù gbọ́ wa dé òpin. Bí a bá wò ó fínnífínní, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà, ọ̀rọ̀ omi àti ọ̀rọ̀ eyín kò jìnnà sí ara wọn rárá.

Àwa Yorùbá kò fi eyín ṣeré láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ọmọ tí ó bá ní èjí, à ń yìn ín. Ẹni tí ó bá fi orín fọ eyín rẹ̀ tí ó mọ́ tónítóní, à ń pè é ní ènìyàn gidi. Eyín ni ọmọ fi ń jẹun, òun ni ó fi ń rẹ́rìn-ín, òun ni ó sì fi ń sọ̀rọ̀. Àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà mọ èyí dájú. Eyín òkè ni a ń gbé lé ètè ìsàlẹ̀ kí a tó lè pe “f”. Ọmọ tí kò ní eyín iwájú òkè, bí ó bá fẹ́ ka “fìlà” tàbí “fèrèsé”, afẹ́fẹ́ lásán ni kíláàsì ń gbọ́. Àwọn ọmọ yòókù a bú sẹ́rìn-ín, ọmọ náà a sì jókòó pẹ̀lú ìtìjú.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ojú wa rí, kí ẹ lè mọ ìdí tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nínú kíláàsì kẹrin ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí a ń kọ́ nígbà náà, ọmọkùnrin méjì ni ìjàǹbá eyín dé bá ní sáà kan ṣoṣo. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ bíríkìlà, ìyá rẹ̀ sì ń ta ẹ̀kọ. Ìkejì jẹ́ ọmọ oníṣòwò kan tí ó ní mọ́tò akérò mẹ́ta. Àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ọ̀rẹ́ ara wọn sì ni wọ́n.

Ọmọ onímọ́tò ń gun kẹ̀kẹ́ tí bàbá rẹ̀ rà fún un ní ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ó ṣubú, eyín iwájú kan sì kán sí méjì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni bàbá rẹ̀ gbé e sínú mọ́tò, ó di Ìbàdàn. Dókítà eyín tọ́jú rẹ̀, ó fi ohun tí ó jọ eyín mọ ibi tí ó kán. Nígbà tí ọmọ náà padà sí ilé-ẹ̀kọ́, ẹni tí kò bá gbọ́ ìròyìn kò lè mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀ sí i.

Ti ọmọ bíríkìlà kò rí bẹ́ẹ̀. Ní àkókò ìsinmi, àwọn ọmọ tò sí ìdí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo tí ilé-ẹ̀kọ́ wa ní. Òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, ilẹ̀ ibẹ̀ ń yọ̀, wọ́n sì ń ti ara wọn. Bí ọmọ náà ti tẹrí ba láti mu omi ni ẹnì kan tì í láti ẹ̀yìn. Irin ẹ̀rọ náà bá a lẹ́nu. Eyín iwájú òkè kan yọ tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó bọ́ sínú ẹrọ̀fọ̀. Ó gbé e wá sí ọ̀dọ̀ wa ní àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀jẹ̀ ń dà lẹ́nu rẹ̀.

Kí ni àwa olùkọ́ ṣe? Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Bí eyín ọmọ bá yọ, a máa ń wí fún un pé kí ó jù ú sí orí òrùlé kí òmíràn lè tètè hù. Àwa tí a lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, tí a kọ́ bí a ṣe ń di egbò, tí a sì gba ìwé ẹ̀rí, àwa ni a fi omi fọ ẹnu ọmọ náà, tí a pa á lẹ́kún, tí a sì wí fún un pé kí ó lọ ju eyín rẹ̀ sórí páànù. Ó jù ú. A gbọ́ ìró rẹ̀ lórí páànù, a sì padà sínú kíláàsì.

Oṣù kẹrin lẹ́yìn èyí ni ọkàn wa kò balẹ̀ mọ́, nítorí eyín kò hù. Àwa olùkọ́ dá owó jọ, a sì mú ọmọ náà lọ sí Ìbàdàn. Dókítà eyín yẹ ẹnu rẹ̀ wò, ó sì béèrè lọ́wọ́ wa pé, “Eyín náà dà, Tíṣà?”

A dáhùn pé, “A ti jù ú sórí òrùlé, Dókítà.”

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wí fún wa, láìfi ìbínú sọ ọ́, pé eyín àgbà ni, òmíràn kò sì ní í hù mọ́ títí ayé. Ó ní bí a bá ti dá a padà sí ojú ihò rẹ̀ ní ìṣẹ́jú tí ó yọ, bóyá ìbá tún lẹ̀.

Nígbà tí a délé, a lọ bá ìyá rẹ̀ láti ṣàlàyé, a sì tọrọ gáfárà. Ìyá náà kúnlẹ̀ kí wa, ó ní, “Tíṣà, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú wàhálà. Eyín kò kúkú pa ènìyàn. Àbúrò rẹ̀ ni ibà ń ṣe, ibẹ̀ ni owó ilé ń lọ.” A kò rí èsì fọ̀ sí i. Òtítọ́ ni ó sọ.

Ṣùgbọ́n àwa ni a jókòó ti ọmọ náà ní kíláàsì. Ṣáájú ọjọ́ náà, òun ni ó máa ń gbé orin ní ìpéjọpọ̀ òwúrọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, kò gbé orin mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ bo ẹnu bí ó bá ń rẹ́rìn-ín. Bí a bá béèrè ìbéèrè, kò na ọwọ́ sókè mọ́, bí ó tilẹ̀ mọ ìdáhùn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fún un ní orúkọ ẹ̀gàn tí a kò ní í tún sọ níhìn-ín.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ọmọ méjì, kíláàsì kan, sáà kan. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wọn kì í ṣe ọgbọ́n orí, kì í sì í ṣe ìwà. Ohun tí ó yà wọ́n ni ilé tí wọ́n ti wá, àti àìmọ̀kan àwa tí ó yẹ kí a mọ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ìlú wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ènìyàn 1,000,000,000 ni ìpalára eyín àti ẹnu ti kàn ní gbogbo ayé, àti pé nínú àwọn ọmọdé títí dé ọmọ ọdún 12, nǹkan bí 20 nínú 100 ni. Bí a bá fi ìṣirò yìí wọn kíláàsì ọlọ́mọ 40, ọmọ 8 ni yóò jẹ́. Eyín iwájú òkè ni ó sábà máa ń fara gbá a, nítorí òun ni ó kọ́kọ́ pàdé ilẹ̀ bí ọmọ bá fi ojú bolẹ̀. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọkùnrin ju ọmọbìnrin lọ. Ọmọ tí eyín òkè rẹ̀ bá yọ síwájú, tí ètè rẹ̀ kò bò ó dáadáa, ewu tirẹ̀ tún pọ̀ sí i. Nítorí náà ni a fi ń bẹ àwọn ìyá pé kí wọ́n rọra gba ọmọ tí ó ti dàgbà ṣùgbọ́n tí ó ṣì ń mu àtàǹpàkò lọ́wọ́ àṣà náà, nítorí ó ń ti eyín síwájú.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀nà tí ipò ilé fi ń wọ inú ọ̀ràn yìí wò.

Èkínní ni ibi tí ọmọ ń ṣeré. Ọmọ ẹni tí ó ní àgbàlá tí ó tẹ́jú, tí koríko sì wà nínú rẹ̀, bí ó bá ṣubú, koríko ni yóò gbà á. Ọmọ ilé tí ìdílé márùn-ún ń gbé, lẹ́bàá gọ́tà, láàrin àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti ìrólẹ̀ sìmẹ́ńtì, níbo ni yóò ti ṣeré? Ojú títì ni. Eré kò sì ṣeé fi du ọmọdé.

Èkejì ni iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe. A mọ̀ pé kíkọ́ ọmọ ní iṣẹ́ jẹ́ àṣà rere, a kò sì bá a jà. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ó ru igbá ọsàn, tí ó ń sáré tẹ̀lé mọ́tò láti ta á, ti kúrò ní ẹni tí a ń kọ́ ní iṣẹ́. Ọmọ tí ó ru garawa omi gòkè ní ọ̀nà yíyọ̀ kò ní ọwọ́ tí yóò fi gba ara rẹ̀ bí ó bá ṣubú. Ẹnu ni yóò fi gbalẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 fi òfin de fífi ọmọ kiri ọjà ní títì ìgboro àti ní òpópónà. Òfin dára, ṣùgbọ́n àìní ni ó ń lé ọ̀pọ̀ ìyá sí i, òfin nìkan kò sì lè wo àìní sàn.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, inú àwọn bàbá wa dùn pé ọmọ tálákà àti ọmọ olówó yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ohun ńlá ni. Ṣùgbọ́n títí di òní, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dé ìdí bẹ́ǹṣì náà kò dọ́gba. Òmíràn ń ti inú mọ́tò sọ̀kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà; àwọn mẹ́ta tàbí mẹ́rin mìíràn ń jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà kan ṣoṣo. Bí ọ̀kadà bá sì ṣubú, ẹ̀yin tí ẹ ti rí i mọ ohun tí ojú ọmọ ń dà.

Ẹ̀kẹrin, a ó sọ ọ́ bí ó tilẹ̀ korò: ọwọ́ àwa àgbà. Kì í ṣe gbogbo eyín tí ó kán ni òkúta kán. Àbàrá kan tí a fi ìbínú gbá ọmọ lójú lè mú eyín lọ, ọmọ náà a sì wá sí ilé-ẹ̀kọ́ wí fún wa pé òun ṣubú ni. Ní Cianorte, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Paraná ní ilẹ̀ Brazil, àwọn onímọ̀ yẹ àwọn ọ̀dọ́ ọmọ ọdún 13 wò, wọ́n sì tẹ ìwádìí wọn jáde ní 2003. Wọ́n rí i pé ìpalára eyín pọ̀ lára àwọn tí bàbá wọn máa ń jẹ níyà púpọ̀, àti àwọn tí kò gbé pẹ̀lú bàbá àti ìyá wọn méjèèjì, ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Àìní àti ìnira ń mú inú àgbà bí. Ara ọmọ ni ìbínú náà sì ń bọ́ sí. Àwa olùkọ́ tí a ń fi ẹgba kọ́ni, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá pẹ̀lú. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

A kò gbọdọ̀ pa irọ́ nítorí pé a fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa dùn. Àwọn onímọ̀ kò fi ohùn ṣọ̀kan pé ọmọ tálákà ni eyín rẹ̀ ń kán jù ní ibi gbogbo. Ìwádìí ilẹ̀ kan wí báyìí, ti ilẹ̀ mìíràn wí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: ọmọ olówó ni ó ní kẹ̀kẹ́, òun ni ó ní bàtà onítáyà tí ó fi ń yọ̀ lórí ilẹ̀, òun ni ó sì ń lọ wẹ̀ ní odò àtọwọ́dá tí a fi sìmẹ́ńtì ṣe. Ẹ rántí pé orí kẹ̀kẹ́ ni ọmọ onímọ́tò ti ṣubú. Ìjàǹbá kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà.

Níbo wá ni ọrọ̀ ti ń ya àwọn ọmọ sọ́tọ̀ jù lọ? Lẹ́yìn ìjàǹbá ni. Ìtọ́jú eyín kò sí ní gbogbo ìlú wa. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì ní Ìbàdàn, ti Ìdí-Àràbà ní Èkó, àti ti Ilé-Ifẹ̀ ní àwọn oníṣègùn eyín tí ó mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n láti abúlé dé ibẹ̀, owó ọkọ̀ ni, owó káàdì ni, owó fọ́tò eyín ni, ọjọ́ iṣẹ́ tí ìyá yóò pàdánù sì ni, kò sì í parí ní ọjọ́ kan. Tálákà a wá máa dúró títí ìrora yóò fi mú ọmọ. Eyín tí ó kán tí kò dun ọmọ, a ó fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún díẹ̀, eyín náà lè dúdú, nítorí ẹ̀mí inú rẹ̀ ti kú. Ìdí rẹ̀ lè wú, kí ó sì di ọyún. Nígbà náà ni a ó wá gbé ọmọ lọ, ohun tí owó kékeré ìbá ṣe a sì di ohun tí owó ńlá kò lè ṣe mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ pé níbẹ̀, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kì í san owó fún ìtọ́jú eyín lọ́dọ̀ oníṣègùn ìjọba. Ní ilẹ̀ tiwa, òfin adójútòfò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2022 wí pé kí gbogbo ènìyàn wọ inú ètò náà. Ó yẹ kí Ẹgbẹ́ wa rán ènìyàn lọ béèrè ní ọ́fíìsì ètò náà ní ìpínlẹ̀ wa bí ìtọ́jú eyín ọmọdé ṣe rí nínú rẹ̀, kí a sì kéde rẹ̀ ní ọjà, ní mọ́ṣáláṣí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò gba owó, ìmọ̀ ni. A bẹ gbogbo òbí àti olùkọ́ kí wọ́n fi ohun tí a fẹ́ sọ yìí sọ́kàn. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ gé ojú ìwé yìí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri.

Bí eyín ọmọ bá yọ nípa ìjàǹbá, ẹ kọ́kọ́ mọ irú eyín tí ó jẹ́. Eyín ọmọdé tí ó máa ń já kò ṣeé dá padà. Bí a bá tì í wọlé, a lè ba eyín àgbà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n eyín iwájú àgbà ti ìsàlẹ̀ máa ń hù ní nǹkan bí ọmọ ọdún 6 sí 7, ti òkè sì ní nǹkan bí 7 sí 8. Bí ó bá jẹ́ eyín àgbà, ẹ má ṣe jù ú sórí òrùlé. Ẹ wá a títí ẹ ó fi rí i. Ẹ di orí rẹ̀ mú, èyíinì ni ibi funfun tí ó máa ń hàn lẹ́nu. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ kan gbòǹgbò rẹ̀. Bí ó bá dọ̀tí, ẹ rọra fi mílíìkì tàbí omi tí ó mọ́ ṣàn án fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀; ẹ má ṣe fi kànìnkànìn ha á, ẹ má ṣe fi aṣọ nù ún. Lẹ́yìn náà, ẹ dá a padà sí ojú ihò rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, kí ọmọ náà sì rọra deyín mọ́ aṣọ mímọ́ kan kí ó má bàa bọ́. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín ní ọjọ́ náà.

Bí ẹ̀rù bá ń bà yín láti dá a padà, ẹ fi eyín náà sínú mílíìkì. Bí kò bá sí mílíìkì, kí ọmọ náà tu itọ́ sínú ife mímọ́, kí ẹ fi eyín sínú itọ́ náà. Omi lásán kò dára tó ìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí eyín gbẹ lọ. Gbígbẹ ni ọ̀tá rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ ni ó ṣe pàtàkì jù lọ. Bí eyín bá fi 60 ìṣẹ́jú wà ní gbígbẹ, ohun tí ó ń so ó mọ́ egungun ti kú. Bí ó bá ṣe pé ó kán ni, ẹ wá ègé tí ó kán, kí ẹ fi í sínú omi tàbí mílíìkì, kí ẹ mú un lọ pẹ̀lú ọmọ, nítorí nígbà púpọ̀ dókítà lè lẹ̀ ẹ́ padà. Bí eyín bá bọ́ sí ilẹ̀ tí ó dọ̀tí, ẹ béèrè nípa abẹ́rẹ́ ipá. Ẹ má ṣe fi ewé, epo tàbí ohunkóhun mìíràn sí ojú ihò náà. Bí ọmọ bá dákú, tàbí tí ó ń bì, tàbí tí mímí rẹ̀ kò lọ déédé, ẹ fi ọ̀rọ̀ eyín sílẹ̀ ná, ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ jù ni kí ẹ sáré lọ.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan tún wà fún àwọn ọ̀dọ́ wa: eyín kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣí ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ ra ìṣígò.

Ní ti Ẹgbẹ́ wa, ohun mẹ́rin ni a fi sílẹ̀ níwájú yín, a sì bẹ̀ yín kí ẹ gbé wọn yẹ̀ wò. Àkọ́kọ́, kí a fi iyanrìn tútù sí abẹ́ ibi eré ní ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, kí a ṣa òkúta àti àfọ́kù ìgò kúrò, kí a sì gbẹ́ ojú ìṣàn omi sí ìdí ẹ̀rọ omi kí ilẹ̀ ibẹ̀ má máa yọ̀ mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú lè ṣe èyí ní ọjọ́ Sátidé kan láìgba kọ́bọ̀. Ìkejì, kí àpótí ìtọ́jú wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan: aṣọ mímọ́, ife olómọrí, àti agolo mílíìkì tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Ìkẹta, kí àwọn onímọ́tò ìlú wa fún ilé-ẹ̀kọ́ ní nọ́ńbà tẹlifóònù tí a lè pè, kí ọmọ tí ó bá ní ìjàǹbá má ṣe dúró de ọkọ̀ ọjà. Ìkẹrin, kí a ya owó kan sọ́tọ̀ nínú àpò Ẹgbẹ́, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ìdálẹ̀ sì fi ohun tí agbára rẹ̀ ká sí i, láti san owó ọkọ̀ àti ìtọ́jú àkọ́kọ́ fún ọmọ tí òbí rẹ̀ kò ní. Kì í ṣe owó tí yóò tán bí iyọ̀ nínú omi. A ó máa kọ ohun tí a ná sínú ìwé, ẹni tí ó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò yóò rí i.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní òkè òkun, a mọ̀ pé ẹrù yín pọ̀. A kò béèrè ilé ìwòsàn lọ́wọ́ yín lónìí. Ohun tí a béèrè ni pé bí ẹ bá ń fi owó ránṣẹ́ fún aṣọ ẹgbẹ́ àti ayẹyẹ, kí ẹ rántí pé owó aṣọ kan lè gbé ọmọ kan lọ sí Ìbàdàn kí ó sì gbé e padà. Àjèjì ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

Ẹ̀yin òbí tí kò ní lọ́wọ́, a kò wá síhìn-ín láti dá yín lẹ́bi. Àìní kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ohun kan bá ṣe ọmọ yín lẹ́nu, ẹ má ṣe fi í pamọ́ nítorí ìtìjú, ẹ má sì ṣe dúró di ìgbà tí yóò dùn ún. Ẹ tọ olùkọ́ rẹ̀ wá ní ọjọ́ náà. Àwa náà ti pinnu pé a kò ní í wí fún ọmọ kankan mọ́ láti ju eyín rẹ̀ sórí páànù kí a tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọmọ bíríkìlà náà ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama báyìí. Nígbà tí a pàdé rẹ̀ lọ́nà ọjà ní oṣù tí ó kọjá, ó dọ̀bálẹ̀ kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti dé ẹnu kí ẹ̀rín náà tó jáde. Dókítà wí fún wa pé a lè ṣe eyín àtọwọ́dá fún un nígbà tí egungun ẹnu rẹ̀ bá dàgbà tán. Bí Ẹgbẹ́ wa bá gba àbá kẹrin yìí wọlé, a bẹ̀ yín kí orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn àkọ́kọ́ nínú ìwé náà. Gbèsè àwa olùkọ́ ni, ṣùgbọ́n agbára wa nìkan kò ká a.

 Kí Olódùmarè má ṣe jẹ́ kí a rí ìjàǹbá, kí ó sì bá wa wo àwọn ọmọ wa dàgbà. Àṣẹ.